Àléébù Tí Olùtajà Mọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí Ó sì rọ omi fún ọmọ ènìyàn kí ọkọ̀ lè máa rìn lórí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń rán ẹ̀yin àti ẹ̀mí ara mi létí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Lẹ́yìn náà:

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ṣùgbọ́n ó kan ìrun àti ààwẹ̀ wa, nítorí pé ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá ti inú èrú wá, ó yẹ kí ó bẹ̀rù lórí àdúà rẹ̀. Àwa tí a ń gbé etí ọ̀sà, láti Àgbádárìgì dé Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, a mọ ohun tí ọkọ̀ ojú omi jẹ́. Òun ni oko apẹja, òun ni mọ́tò ọlọ́jà, òun náà ni ó ń gbé ọmọ ilé ìwé kọjá sí òdìkejì. Ọkọ̀ tuntun sì wọ́n. Nítorí náà àlòkù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà: ẹnì kan lò ó, ó tà á fún ẹnì kejì, ẹnì kejì náà lò ó, ó tà á fún ẹnì kẹta.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti máa ń gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Ọkùnrin kan, tí kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀, ta ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Yamaha àlòkù fún ẹlòmíràn. Olùrà wá wo ọkọ̀ náà ní èbúté. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó dún. Wọ́n ná an, owó bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì túká. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ́ńjìnnì náà gbóná kọjá ààlà, ó sì kú ní àárín ọ̀sà pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Ọlọ́hun kó wọn yọ. Olùrà padà wá, ó ní, "Ẹ dá owó mi padà." Olùtajà dáhùn pé, "Bí ó ṣe wà ni o ṣe bá a, bí o ṣe bá a ni o ṣe rà á. Èmi kọ́ ni mo ṣe ẹ́ńjìnnì." Irú ẹjọ́ báyìí kò ṣàjèjì níwájú àwọn àáfà. Ta ni ó jàre?

Bí a bá gbé e dé kóòtù ìjọba, ó ṣeé ṣe kí olùtajà rí ibi sá sí. Òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tí òfin ọjà títà nílẹ̀ wa ti ṣẹ̀ wá, kò fi dandan lé ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò irú ọjà bẹ́ẹ̀ pé kí ọjà rẹ̀ dára. Olùrà ni òfin náà ní kí ó la ojú rẹ̀. Bí olùtajà bá purọ́, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kàn dákẹ́, ìdákẹ́ náà sábà máa ń bò ó mọ́lẹ̀. N kò sọ èyí láti bú òfin ìjọba. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹnì kan lè jàre ní kóòtù, kí ó sì jẹ̀bi níwájú Ọlọ́hun.

Ní orí kẹrin Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ní áyà 29, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa jẹ dúkìá ara wa lọ́nà èrú, Ó sì fi ìyọ́nú àwọn méjèèjì ṣe ìpìlẹ̀ òwò tí ó mọ́. Ẹ ronú sí ọ̀rọ̀ ìyọ́nú yìí. Kí ni olùrà wa yọ́nú sí ní èbúté ní ọjọ́ náà? Ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ ni ó yọ́nú sí. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí wọ́n gbé fún un jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ó ti ń kú lọ, tí olùtajà sì mọ̀, a jẹ́ pé ohun tí ó yọ́nú sí kọ́ ni ó rí gbà. Ẹnu rẹ̀ sọ pé òun gbà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò rí ohun tí ẹnu rẹ̀ ń gbà fún.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ìtàn òkìtì oúnjẹ tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá lọ́jà Mẹ̀dínà, èyí tí Abu Hurayra gbà wá, tí ó wà nínú àkójọ Muslim. Ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ìka rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù. Nígbà tí ó bi olóúnjẹ, ó ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ ẹni tí ó bá rẹ́ ènìyàn jẹ kúrò lára àwọn tirẹ̀. A máa ń sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í dúró wò. Ọkùnrin yẹn kò rọ omi sí oúnjẹ. Òjò ni ó rọ̀ ọ́. Kò purọ́, nítorí nígbà tí a bi í, ó sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ó ti to ọjà rẹ̀ lọ: gbígbẹ lókè, tútù nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi iyọ̀ ń jẹ ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìtìjú nínú pé ọkọ̀ ẹni ti gbó. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ń wọlé ni ìgbà tí a bá to ọkọ̀ náà kí gbígbó rẹ̀ má hàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ọgbọ́n àwọn tí ń tò ó bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ẹnì kan mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì òun kì í tètè jí bí ó bá tutù, nítorí náà yóò ti tàn án kí olùrà tó dé, kí ó lè jí ní ìfà kan. Òmíràn da ọ́ìlì tí ó ki sí i kí ariwo inú rẹ̀ lè rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Òmíràn mọ̀ pé páńpù tí ń fa omi wọlé láti tu ẹ́ńjìnnì lára ti ń kú lọ, àti pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó lè fi ṣiṣẹ́ kí ó tó gbóná, nítorí náà kò ní jẹ́ kí ìdánwò kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Òmíràn kun ọ̀dà tuntun sórí pákó tí ó ti jẹrà. Àwọn ará àtijọ́ náà ní irú tiwọn. Wọn a fi ràkúnmí tàbí àgùntàn sílẹ̀ láìfún wàrà rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ọmú rẹ̀ lè kún kí olùrà lè rò pé ẹran oníwàrà ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ ọ́. Ó fún ẹni tí wọ́n bá ta irú ẹran bẹ́ẹ̀ fún ní ẹ̀tọ́ láti mú un mọ́ra tàbí kí ó dá a padà pẹ̀lú òṣùwọ̀n sáà dàbínù kan dípò wàrà tí ó ti fún. Nínú gbígbà kan, a sì fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó fi ẹnu purọ́ nínú òwò yìí pẹ̀lú. Ọmú ẹran ni ó purọ́ fún olówó rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a ti yá sílẹ̀ kí olùrà tó dé, irọ́ kan náà ni ó ń pa.

Wàyí o, kí ni ìdájọ́? Ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní àléébù nínú èdè wa, láti inú Lárúbáwá ni ó ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn onímọ̀ sì ń lò fún àbùkù ọjà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ mẹ́ńhábù Ìmáàmù Màlik, tí àwa ní ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé, ohun àkọ́kọ́ tí a óò bèèrè ni pé: ìgbà wo ni àléébù náà bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí olùrà ti gbà á ni ó ṣẹlẹ̀, olùrà ni ó ni í. Bí olùrà bá da epo tí a ti bù lé sí ẹ́ńjìnnì, tàbí tí ó kó ènìyàn ogún sínú ọkọ̀ ènìyàn mẹ́wàá, kí ó má wá ẹlòmíràn tí yóò dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí àléébù náà bá ti wà kí wọ́n tó ṣòwò, ẹ̀tọ́ wà fún olùrà láti dá ọjà padà, ìbáà ṣe pé olùtajà mọ̀ tàbí kò mọ̀. Àìmọ̀ ń yọ olùtajà nínú ẹ̀ṣẹ̀; kì í fi gbogbo ìgbà yọ ọ́ nínú owó. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà ni a óò pè kí wọ́n wo ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sọ bóyá ohun tí ó bàjẹ́ ti pẹ́ tàbí kò pẹ́. Bí wọn kò bá rí ẹ̀rí kan dì mú, ọ̀rọ̀ olùtajà ni a óò gbà.

Àwọn onímọ̀ wa sì tún ṣe ohun kan tí ó fi ojú àánú wo olùtajà. Wọ́n ní àléébù tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ àfi bí a bá ba ọjà náà jẹ́, a kò lè tìtorí rẹ̀ dá a padà. Àpẹẹrẹ tí ó wà nínú ìwé Khalil, èyí tí a ń kà nílé kéú, ni kòkòrò tí ó wà nínú igi. Ta ni yóò la igi kí ó tó tà á? Olùtajà kò mọ̀, olùrà kò mọ̀, wọ́n sì jọ wọ inú òwò náà pẹ̀lú àìmọ̀ kan náà. Àwọn kan lè fẹ́ fi èyí gbá ẹ́ńjìnnì mọ́ra pé, "Inú rẹ̀ ni ó ti bàjẹ́, ta ni ó rí i?" Èrò tèmi ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì lè wọn agbára inú ẹ́ńjìnnì, ó lè wo omi tí ó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó lè tú páńpù rẹ̀ wò kí ó sì tò ó padà, láìba ohun kankan jẹ́. Ohun tí a lè mọ̀ láìfọ́ ọjà kì í ṣe kòkòrò inú igi.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi ni ibi tí wọ́n ti ya ẹni tí kò mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì fi pamọ́. Bí ọjà bá ṣègbé pátápátá nítorí àléébù tí olùtajà mọ̀ tí ó sì bò mọ́lẹ̀, olùtajà ni yóò ru àdánù náà. Yóò dá owó padà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjà tí olùrà lè dá padà fún un mọ́. Ẹ wo bí èyí ti bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ọkọ̀ tí ó jò nítorí pákó jíjẹrà tí a kun lọ́dà, tí ó sì rì, olùrà kò ní ohunkóhun láti gbé wá sí iwájú olùtajà. Síbẹ̀ owó rẹ̀ kò sọnù. Bẹ́ẹ̀, owó nìyẹn. Ta ni yóò dá ẹ̀mí èrò padà? Àgùntàn tí wọ́n tan ènìyàn tà, wàrà ni kò ní jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n tan ènìyàn tà, ó lè jẹ́ òkú mẹ́jọ ni yóò léfòó ní òwúrọ̀, tí olùtajà yóò sì wà lára àwọn tí ń kí àwọn ẹbí wọn kú ọ̀fọ̀.

Ẹnì kan lè ní, "Áàfà, mo ti sọ fún un kí ó tó sanwó pé n kò dáhùn sí ohunkóhun." Ìmáàmù Màlik sọ ìtàn kan nínú Muwatta tí ó dáhùn èyí. Abdullahi ọmọ Umar ta ẹrú kan ní 800 dírhámù, ní ayé ìgbà tí òwò ẹrú ṣì wà, ó sì ṣe àdéhùn pé òun kò dáhùn sí àléébù kankan. Olùrà padà wá pé àrùn kan ń bẹ lára ẹrú náà tí kò dárúkọ fún òun. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Uthman ọmọ Affan. Uthman kò bèèrè bóyá àdéhùn wà; ó mọ̀ pé ó wà. Ohun tí ó ní kí Ọmọ Umar ṣe ni pé kí ó búra pé òun tà á láìsí àrùn kan tí òun mọ̀ lára rẹ̀. Ọmọ Umar kọ̀, kò búra. Ó gba ẹrú rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ara ẹrú náà yá, ó sì tà á ní 1500 dírhámù.

Sàábé pàtàkì ni, a kò sì gbọdọ̀ rò pé ó tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn ènìyàn yẹn ń bẹ̀rù ìbúra ju bí àwa ti ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n lọ. Ohun tí ó wà nínú ìtàn náà fún wa ni ìbéèrè Uthman. Ó gba inú gbogbo àdéhùn wọn kọjá, ó dé ibi kan ṣoṣo tí adájọ́ kò lè wọ̀: kí ni o mọ̀ ní ọjọ́ tí o tà á? Ìmáàmù Màlik sì là á mọ́lẹ̀ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í bo àléébù tí ènìyàn mọ̀ tí ó fi pamọ́. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e tilẹ̀ fi àdéhùn náà mọ sórí ẹrú, wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún un nínú àwọn ọjà yòókù, ọkọ̀ sì wà lára wọn. Nítorí náà, "bí ó ṣe wà ni mo ṣe tà á" kò lè gba ẹni tí ó mọ̀ sílẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti gbọ́ tí oníṣòwò kan fi òwe yìí ṣe àwíjàre, pé bí òun bá sọ àléébù, ta ni yóò rà á? Ìbànújẹ́ ni àwọn àgbà fi pa òwe yẹn, wọn kò fi kọ́ ẹnikẹ́ni lówò. Ẹni tí ó bá sọ pé, "Páńpù rẹ̀ kò dára mọ́, ẹ yọ owó páńpù kúrò," yóò ṣì ta ọkọ̀ rẹ̀. Iye tí ó yọ kúrò kò jẹ́ tirẹ̀ rí. Hádíìsì Hakim ọmọ Hizam, tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, sì jẹ́ kí á mọ̀ pé alùbáríkà òwò wà nínú òtítọ́ àti àlàyé àwọn méjèèjì, ó sì ń parẹ́ pẹ̀lú irọ́ àti ìfipamọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kan àwọn tí kì í ṣe olùtajà, tí kì í sì í ṣe olùrà. Wathila ọmọ Asqa'i wà lọ́jà nígbà tí ọkùnrin kan ra ràkúnmí. Nígbà tí olùrà ń lọ, Wathila sáré tẹ̀lé e, ó bi í bóyá ẹran pípa ni ó rà á fún tàbí ìrìn àjò. Nígbà tí ó ní ìrìn àjò ni, ó sọ fún un pé ihò kan wà ní pátákò ràkúnmí náà tí kò ní jẹ́ kí ó rìn jìnnà. Olùtajà bínú, ó ní ó ba òwò òun jẹ́. Wathila fi hádíìsì dá a lóhùn, pé kò tọ́ fún olùtajà láti fi àléébù pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ fún ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n láti dákẹ́. Ẹ̀yin mẹkáníìkì èbúté, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹ̀yin ni ẹ tú ẹ́ńjìnnì náà lóṣù tó kọjá, ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín kí ẹ wá bá olùrà wò ó, tí ẹ sì gba owó lọ́wọ́ olùtajà kí ẹ lè ní ó dára, owó náà kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹ̀yin alárinà náà, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn.

Ìwọ olùrà pẹ̀lú, àlòkù ni o rà, iye àlòkù ni o sì san. Má ṣe bèèrè ẹ̀mí tuntun lọ́wọ́ ohun tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú omi iyọ̀. Bí o bá ti rí àléébù, dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró kí o sì lọ bá olùtajà. Ẹni tí ó rí i tí ó sì ń bá a lọ láti máa kó èrò, ó ti yọ́nú sí i, ẹ̀tọ́ ìdápadà rẹ̀ sì ti bọ́. Owó tí o pa kí o tó mọ̀, tìrẹ ni, olùtajà kò lè ní kí o kó o wá. Nítorí bí ọkọ̀ náà bá ti rì ní ọjọ́ wọ̀nyẹn láìsí ẹ̀tàn, ọ̀dọ̀ rẹ ni àdánù ì bá ti wà. Kábàámọ̀ nìkan kì í ṣe àléébù. Bí o bá kàn rí ọkọ̀ mìíràn tí ó wù ọ́ jù, ẹ̀bẹ̀ ni o lè bẹ olùtajà. Bí ó bá gbà fún ọ, tí ó dá owó rẹ padà láìjẹ́ dandan, hádíìsì ṣèlérí pé Ọlọ́hun yóò forí àṣìṣe rẹ̀ jì í ní Ọjọ́ Àjíǹde.

Èyí tí ó rọrùn jù ni pé kí ẹ jọ ṣe àdéhùn ọjọ́ ìdánwò kí ẹ tó parí òwò. Òfin wa fi àyè sílẹ̀ fún un, ó sì wọn ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ọjà bá ti rí: bí oṣù kan fún ilé, bí ọjọ́ mẹ́ta fún aṣọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, kí a tàn án ní tútù, kí a gbé e dé agbami, kí a jẹ́ kí ó gbóná. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ ní kí a kọ ìwé fún Adda ọmọ Khalid nígbà tí ìyẹn ra ẹrú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò sí àrùn, kò sí ẹ̀tàn. Ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò fún àwọn ọmọ ẹni pẹ̀lú, nítorí bí olùtajà bá kú kí ẹjọ́ tó parí, gbèsè ni owó náà jẹ́ lórí ogún rẹ̀, a óò sì san án kí a tó pín ogún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ tàbí rà á, tí ó sì fẹ́ kí a bá òun kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ wá bá wa nínú mọ́sáláásí lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n mú mẹkáníìkì tí àwọn méjèèjì fọkàn tán dání. A kì í gba owó.